Káàdì ìkíni àfọwọ́ṣe ní ìrísí ayé àtijọ́: ìbéèrè lórí òǹtẹ̀ rọ́bà, tàdáwà àti bébà

Aṣẹ̀ṣẹ̀bẹ̀rẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ ọwọ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Ìyá mi yóò pé ọmọ ọdún 70 láìpẹ́, mo sì ti pinnu pé káàdì 12 tí àwa ọmọ àti ọmọ-ọmọ yóò fi kí i, ọwọ́ ara mi ni màá fi ṣe gbogbo wọn. Àpẹẹrẹ tí mo ń wò ni káàdì kan tó wà nínú àpótí ìyá àgbà: ẹ̀ka òdòdó róòsì kan tí wọ́n fi ìlà tín-ín-rín yà, tí wọ́n fi ọ̀dà fífẹ́lẹ́ kun òdòdó àti ewé rẹ̀, tí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi gègé kọ sí abẹ́ rẹ̀ sì ti di àwọ̀ ilẹ̀. Etí bébà náà ti pọ́n, ṣùgbọ́n àárín rẹ̀ ṣì mọ́.

Ohun tí mo ní lọ́wọ́ kò pọ̀. Mo ní òǹtẹ̀ rọ́bà kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ igi, tó ní àwòrán róòsì, páàdì tàdáwà dúdú kan tí wọ́n kọ "dye ink" sí lára, ọ̀dà olómi, àti bébà funfun lásán, irú èyí tí a fi ń tẹ ìwé jáde láti inú kọ̀ǹpútà, tí mo rẹ sínú tíì kí ó lè dà bí ohun tó ti pẹ́.

Wàhálà mẹ́ta ló bá mi. Lákọ̀ọ́kọ́, bí búrọ́ọ̀ṣì tó lómi lára ṣe kan ìlà dúdú náà báyìí ni ó ṣàn wọ inú ọ̀dà pupa, tí gbogbo òdòdó sì di àwọ̀ eérú. Lẹ́yìn ìyẹn, bébà tí mo rẹ sínú tíì ká kò, ó sì ní ìlà búráùn káàkiri bí ibi tí àgbàrá dé lára ògiri. Èyí tó tún wá sú mi jù ni pé òǹtẹ̀ náà kì í tẹ̀ dọ́gba: àárín òdòdó máa ń ṣófo, bẹ́ẹ̀ ni etí rọ́bà tí kò yẹ kí ó hàn rárá máa ń fi àmì sílẹ̀ yí àwòrán ká. Mo ti ba bébà tó lé ní 20 jẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe?

Ìyá Ọlọ́nà

Ọmọ mi, o káre, ìyá rẹ yóò jẹ èrè rẹ pẹ́. Ọ̀rọ̀ tàdáwà ni kí a kọ́kọ́ yanjú, nítorí kò sí ohun tí ó máa ń ba iṣẹ́ wa jẹ́ tó kí á mú tàdáwà tí kò bá ọ̀dà mu.

Tàdáwà inú páàdì rẹ, àwọ̀ tó yọ́ pátápátá sínú omi ni wọ́n fi ṣe é. Ó máa ń wọ inú bébà lọ, ó máa ń yá gbẹ, ó sì rọrùn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí omi bá tún kàn án, púpọ̀ nínú irú rẹ̀ a tún yọ́, bí oòrùn bá sì ń pa á lójoojúmọ́, a máa ṣá. Irú kejì ni èyí tí wọ́n ń pè ní pigment: àwọ̀ lẹ́búlẹ́bú tí kì í yọ́ sínú omi ni wọ́n pò mọ́ ohun tó nípọn. Orí bébà ni ó máa ń jókòó sí, ó máa ń pẹ́ kí ó tó gbẹ, ìmọ́lẹ̀ kì í sì í tètè pa á bí ti àkọ́kọ́. A tún ní èyí tí wọ́n fi kẹ́míkà tó ń yára fẹ́ lọ ṣe, irú bíi StazOn, tó lè di orí ike, gíláàsì àti irin mú. Ìwọ kò nílò rẹ̀ fún iṣẹ́ yìí, òórùn rẹ̀ sì ń fẹ́ kí fèrèsé wà ní ṣíṣí.

Fún ìlà tín-ín-rín bí èyí tí o ń ṣàpèjúwe, VersaFine ni èmi ń lò, tó jẹ́ pigment tí wọ́n fi òróró pò. Ó máa ń gbé gbogbo ìlà jáde, títí kan àwọn fínnífínní tí ayàwòrán fi ṣe òjìji abẹ́ ewé. Bí ó bá ti gbẹ dáadáa, ọ̀dà olómi kò lè gbé e mọ́. Gbígbẹ dáadáa yìí ni kí o dì mú, ọmọ mi: èmi máa ń fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹni tí ó bá ń kánjú lè da páúdà mímọ́ gaara tí ooru ń yọ́ lé e lórí nígbà tí ó ṣì tutù, kí ó gbọn ìyókù padà sínú ìgò, kí ó sì fi ẹ̀rọ tó ń fẹ́ ooru yọ́ èyí tó lẹ̀ mọ́ ìlà. Ìlà náà yóò gbé sókè díẹ̀, yóò máa dán, omi kò sì ní rí i gbé ṣe. Ẹ̀rọ tí a fi ń gbẹ irun kò lè ṣe é, nítorí atẹ́gùn rẹ̀ ti máa gbọn páúdà dànù kí ooru rẹ̀ tó dé ojú ibi tí yóò yọ́.

Ohun kan ṣì wà tí mo gbọ́dọ̀ kì ọ́ nílọ̀ nípa rẹ̀. Bí o bá pa ọ̀dà olómi tì, tí o fẹ́ fi àwọn kálámù onísípíríìtì kun òdòdó, ìmọ̀ràn mi yí padà pátápátá, nítorí sípíríìtì a máa gbé tàdáwà olóróró àti ti kẹ́míkà dànù. Memento, tó jẹ́ dye bíi tìrẹ, ló máa ń dúró lábẹ́ irú kálámù bẹ́ẹ̀. Ohun tí ọ̀kan kò lè fara dà, òmíràn ń fara dà á.

Kí o sì fi tàdáwà dúdú sílẹ̀. Dúdú kirikiri ni ojú máa ń kọ́kọ́ rí, òun ni yóò sì tú ọ fó pé àná ni o ṣe káàdì náà. Mú búráùn tó jinlẹ̀. VersaFine ní ọ̀kan tí wọ́n pè ní Vintage Sepia.

Atẹ̀wé-Àná

Ilé ìtẹ̀wé ni mo ti fi ọwọ́ mi jẹun fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó fẹ̀yìn tì, nítorí náà ọ̀rọ̀ títẹ̀ gan-an ni kí n bá ọ sọ.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí òǹtẹ̀ kò bá hàn, kí a túbọ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ni. Rọ́bà kò le bí irin. Bí o bá fi gbogbo ara rọ̀ mọ́ ọn, ìlà rẹ̀ yóò fẹ̀, yóò tẹ̀ pẹrẹsẹ, àwọn àlàfo tó wà láàárín ìlà méjì yóò sì dí. Bí o bá tún wá yí ọwọ́ síwá sẹ́yìn bí ẹni tó ń tẹ òǹtẹ̀ ọ́fíìsì, etí rọ́bà yóò kan bébà. Ohun tó fa àmì tó yí róòsì rẹ ká nìyẹn. Sọ òǹtẹ̀ kalẹ̀ ní tààrà, fi ọwọ́ kan dì í mú, fi ìka ọwọ́ kejì tẹ ẹ̀yìn igi náà láti àárín lọ sí igun kọ̀ọ̀kan láìjẹ́ kí ó mì, kí o sì gbé e sókè ní tààrà bí o ṣe sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Nípa fífi tàdáwà sí i, gbé òǹtẹ̀ kalẹ̀ kí ojú rẹ̀ kọ sókè, kí o wá máa fi páàdì kàn án lérèfé lérèfé, dípò kí o máa ki òǹtẹ̀ bọ inú páàdì. Nígbà náà ni ojú rẹ yóò rí ibi tí tàdáwà dé àti ibi tí kò dé. Bí ó bá kan etí rọ́bà, fi aṣọ nù ún kí o tó tẹ̀ ẹ́. Bí rọ́bà tó yí àwòrán ká bá pọ̀ jù, àlùmọ́gàjí tó mú lè gé e kúrò, ṣùgbọ́n jẹ́ kí ẹnu àlùmọ́gàjí náà dà síta díẹ̀, kí ìsàlẹ̀ ìlà má baà di èyí tí kò ní ìtìlẹ́yìn.

Àárín tó ń ṣófo, ohun méjì ni mo fura sí. Bí òǹtẹ̀ náà bá jẹ́ tuntun, ó ṣeé ṣe kí ohun tí wọ́n fi yọ ọ́ nínú mọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ṣe é ṣì wà lójú rọ́bà, tí tàdáwà sì ń sá jọ sí ojú kan. Fi tàdáwà sí i, tẹ̀ ẹ́ sórí bébà àlòkù, nù ún, kí o sì tún un ṣe ní bí ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Bí ó bá jẹ́ ògbólógbòó, fóòmù tó wà láàárín igi àti rọ́bà ti lè rì. Ọ̀nà tí mo fi ń mọ̀ ni pé kí n fi ojú òǹtẹ̀ gbígbẹ lé gíláàsì pẹlẹbẹ kan, kí n gbé méjèèjì sókè síbi ìmọ́lẹ̀, kí n sì wò ó láti abẹ́: ibi tí rọ́bà kò bá ti kan gíláàsì, kò ní tẹ̀ níbẹ̀. Fi fóòmù fẹ́lẹ́ kan tàbí ìwé ìròyìn ìpele bíi mẹ́jọ sí abẹ́ bébà rẹ, yóò gba àìdọ́gba náà. Àwọn òǹtẹ̀ tó mọ́ gaara bí gíláàsì, tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ búlọ́ọ̀kù ike, kò ní fóòmù tiwọn. Orí ohun tó rọ̀ díẹ̀ ni wọ́n ti ń tẹ̀ dáadáa jù. Wọ́n ní àǹfààní pé ènìyàn ń rí ibi tí àwòrán yóò bọ́ sí, ṣùgbọ́n ní tèmi, rọ́bà pupa ló ń mú ìlà tín-ín-rín jù.

Rọ́bà yìí náà kì í ṣe ohun tí a bá láyé bẹ́ẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ooru a máa sọ ọ́ di ohun tó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, òtútù a sì sọ ọ́ di ohun tó ń ṣẹ́. Ní 1839 ni Charles Goodyear ní Amẹ́ríkà rí i pé bí a bá se é pọ̀ mọ́ imí-ọjọ́, yóò dúró ṣinṣin. Ó gba ìwé àṣẹ ìjọba tó sọ ọ́ di oní-ẹ̀tọ́ lórí ọgbọ́n náà ní 1844. Òǹtẹ̀ tí o mú lọ́wọ́ ń jẹ nínú àbájáde iṣẹ́ yẹn.

Onípamọ́

Ẹ kú àlàyé, bàbá wa. Iṣẹ́ tèmi ni títọ́jú àwọn ìwé àtijọ́ kí wọ́n má baà bàjẹ́, ọ̀rọ̀ tíì yìí sì ká mi lára, nítorí pé ohun tí ẹ̀gbọ́n tó béèrè ti fi ojú ara wọn rí lára káàdì ìyá àgbà ni wọ́n kò tẹ̀ lé. Wọ́n sọ pé etí rẹ̀ pọ́n, àárín rẹ̀ mọ́. Bí bébà ṣe ń darúgbó gan-an nìyẹn.

Kí ọ̀rúndún 19 tó dé ìdajì, àkísà òwú àti ti ọ̀gbọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀ bébà. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lọ igi fún un, wọ́n sì ń fi álọ́ọ̀mù, irú iyọ̀ kan, sí i kí tàdáwà má baà máa rìn káàkiri nínú rẹ̀. Lignin tó wà nínú igi ni ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ máa ń sọ di pípọ́n, ásíìdì tó ń ti ara álọ́ọ̀mù wá sì ń jẹ bébà náà títí yóò fi máa ṣẹ́. Etí ni afẹ́fẹ́ kọ́kọ́ ń dé, pàápàá bí káàdì bá wà láàárín ìwé tàbí nínú àpótí, nítorí náà etí ni ó kọ́kọ́ ń pọ́n. Bébà tí a rì sínú tíì láti igun dé igun kò jọ bébà tó pẹ́. Bébà tí nǹkan dà sí ni ó jọ.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi gègé kọ náà ní ìtàn tirẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ tàdáwà tí wọ́n fi kókó ara igi óákù àti iyọ̀ irin ṣe. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi irú rẹ̀ kọ̀wé, àwọ̀ rẹ̀ máa ń ṣá. Afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di dúdú, ọ̀pọ̀ ọdún ló sì ń sọ dúdú náà di búráùn. Èyí ni ó jẹ́ kí ojú wa máa rí búráùn bí àwọ̀ ìwé àtijọ́, ó sì gbe ìmọ̀ràn Ìyá Ọlọ́nà lẹ́sẹ̀.

Tíì fúnra rẹ̀ ní ásíìdì. Ẹ má ṣe lẹ fọ́tò ìyá yín mọ́ bébà tí ẹ rẹ sínú tíì, nítorí ásíìdì máa ń rìn láti ara bébà kan dé ara èkejì. Ẹ wá bébà tí wọ́n kọ sí lára pé kò ní ásíìdì, kí ẹ sì fi tàdáwà fa ìrísí àgbà náà sí etí rẹ̀.

Ìyá Ọlọ́nà

Onípamọ́, mo gbọ́ ẹjọ́ yín, mo sì gba ti fọ́tò láìjiyàn. Ṣùgbọ́n mi ò ní jẹ́ kí ọmọ yìí da tíì nù pátápátá, nítorí tíì máa ń fún bébà ní ìyàtọ̀ kékeré láti ibì kan sí ibòmíràn tí páàdì kò lè ṣe, káàdì tí ènìyàn yóò sì kà, tí yóò fi pamọ́ sínú àpótí, kì í ṣe ìwé ẹ̀rí ilé.

Ohun tó mú bébà rẹ̀ ká kò ni pé ó fẹ́lẹ́ jù. Bébà òwú tí a ń fi ọ̀dà olómi kùn, tó wọn gíráàmù 300 ní mítà kan níbùú lóòró, tí ojú rẹ̀ sì jọ̀lọ̀, ni kí ó lò. Àmì àgbàrá tó rí ń wáyé níbi tí bébà tútù ti pàdé bébà gbígbẹ, tí omi ń gbẹ níbẹ̀ tí ó sì ń já àwọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Bí o bá kọ́kọ́ fi omi lásán rẹ bébà náà jálẹ̀, kí o tó wá fi búrọ́ọ̀ṣì gbòòrò fa tíì tó ti tutù sí i láti etí wọ inú díẹ̀, tíì náà yóò fẹ́ lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kò ní fi ìlà sílẹ̀. Fi aṣọ mọ́ tónítóní tẹ omi ojú rẹ̀ gbẹ, kí o fi bébà méjì tó ń fa omi há a láàárín, kí o sì gbé ìwé wúwo lé e títí di ọjọ́ kejì.

Kọfí náà ṣeé lò, ó sì máa ń dúdú ju tíì lọ, ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ kì í tètè lọ.

Onípamọ́

Bí ó bá jẹ́ etí nìkan, tí kò sì sí fọ́tò níbẹ̀, mo fara mọ́ ọn, ìyá wa.

Afọwọ́kun

Ẹ̀yin àgbà ti tẹ́ ilẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ti kíkùn, nítorí ibẹ̀ ni ọkàn mi wà.

Ẹ̀gbọ́n, káàdì tí ẹ ṣàpèjúwe tẹ̀ lé àṣà kan tó ti pẹ́. Káàdì Kérésìmesì àkọ́kọ́ tí wọ́n tẹ̀ fún títà, èyí tí Henry Cole ní kí John Callcott Horsley yà fún òun ní London ní 1843, ìlà rẹ̀ nìkan ni wọ́n tẹ̀ láti orí òkúta. Ọwọ́ ni wọ́n fi kun àwọ̀ sí i. Ìgbà tó yá ni àwọn atẹ̀wé bíi Louis Prang ní Boston ń lo òkúta lọ́tọ̀ fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, tí àwọ̀ fi ń nípọn, tí ó sì ń tàn yinrin. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta káàdì Kérésìmesì ní Amẹ́ríkà ní 1875. Ọ̀nà méjì yìí kì í dára pọ̀ lórí káàdì kan. Bí ẹ bá ti mú ti ìlà àti ọ̀dà fífẹ́lẹ́, ẹ dúró síbẹ̀, kí ẹ má tún lọ lẹ wúrà, léèsì àti rìbọ́ọ̀nù mẹ́ta mọ́ ọn. Ohun tí mo sábà ń rí tó ń ba irú káàdì yìí jẹ́ ni pé ẹni tó ṣe é kò mọ ìgbà tó yẹ kí ó gbé búrọ́ọ̀ṣì kalẹ̀.

Àwọ̀ mẹ́ta tó: pupa, ewé, àti búráùn. Kí ẹ fi búráùn díẹ̀ sínú pupa àti ewé kí ẹ tó fi wọ́n kan bébà, kí ìtànṣán wọn lè dínkù. Ẹ jẹ́ kí omi pọ̀ ju ọ̀dà lọ, kí ẹ fi àwọ̀ sí ìdí òdòdó níbi tí òjìji wà, kí ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì tó ní omi nìkan fà á síta títí yóò fi pòórá. Ẹ fi ibì kan sílẹ̀ láìkùn. Bí ọ̀dà bá kọjá ìlà díẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ wo káàdì ìyá àgbà dáadáa, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí i pé ọwọ́ ẹni tó kun tiwọn náà kọjá ìlà.

Fún etí, mo ń lo Distress Ink ti ilé iṣẹ́ Ranger, nítorí wọ́n ṣe é kí ó máa rìn bí omi bá kàn án. Mo máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Antique Linen tó ṣá jù, mo máa ń tẹ̀ lé e pẹ̀lú Tea Dye, ìgbà tí mo bá sì fẹ́ parí ni mo ń fi Vintage Photo kan igun nìkan. Fóòmù kékeré ni mo fi ń rà á. Orí bébà àlòkù tó wà lábẹ́ káàdì ni kí fóòmù ti bẹ̀rẹ̀ sí í yípo, kí ó wá máa yípo wọ orí káàdì láti ìta. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé fóòmù lé àárín káàdì yóò rí àmì róbótó tí kò ní kúrò mọ́. Tí ẹ bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ tàbí àmì ìfìwéránṣẹ́ kan wà lẹ́yìn òdòdó bí òjìji, ẹ tẹ òǹtẹ̀ rẹ̀ sórí bébà àlòkù lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ sórí káàdì láìtún fi tàdáwà sí i. Yóò ṣá bí ohun tó ti ń lọ.

Kí ó má baà gba orí òdòdó kọjá, ẹ tẹ òdòdó náà sórí bébà fẹ́lẹ́ kan, ẹ gé e yípo, kí ẹ fi bo òdòdó orí káàdì kí ẹ tó tẹ òǹtẹ̀ kejì. Gígé náà kì í fẹ́ ìkánjú. Bí ó bá tóbi ju àwòrán lọ, àlàfo funfun yóò yọ yí òdòdó ká.

Aṣẹ̀ṣẹ̀bẹ̀rẹ̀

Ẹ ṣeun, ẹ kò ní ṣe aláìrí olùkọ́ rere fún ọmọ tiyín náà. Mo ti padà dé pẹ̀lú ìròyìn.

Ìdánwò orí gíláàsì fi hàn pé fóòmù òǹtẹ̀ mi ti rì ní àárín, bí Bàbá Atẹ̀wé ṣe fura. Ìwé ìròyìn ìpele mẹ́jọ kò tó. Mo fi í di mẹ́wàá, gbogbo òdòdó sì jáde, tí mo fi rí àwọn ìlà kan nínú rẹ̀ tí mi ò mọ̀ rárá pé ó wà níbẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú Vintage Sepia lórí bébà òwú, mo fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, ọ̀dà olómi kò sì mì ín. Orí bébà dídán kan tí mo ní nílé ni ó ti já mi kulẹ̀: lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ó ṣì ń ra mọ́ mi lọ́wọ́.

Tíì etí dára gan-an. Mo rẹ bébà náà kí n tó tẹ òǹtẹ̀ sí i, torí mo ronú pé bí mo bá kọ́kọ́ kùn ún, omi tíì yóò tún gbé ọ̀dà. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ìṣòro tó kù ni kíká. Bí mo ti ká bébà nínípọn yìí sí méjì, ojú ibi tó ká sán, ó sì ń ya fún gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́. Mi ò sì mọ ìwọ̀n tí yóò wọ inú àpòòwé láìjẹ́ pé mo tún gé etí tí mo ti ṣe lọ́ṣọ̀ọ́.

Atẹ̀wé-Àná

Ìdí tí bébà dídán fi já ọ kulẹ̀ ni pé wọ́n ti fi ohun kan dí ojú rẹ̀, tàdáwà olóróró kò sì rí ibi wọ̀. Fi í sílẹ̀ fún iṣẹ́ mìíràn. Èrò rẹ nípa tíì tọ̀nà: tíì, kí ó gbẹ, òǹtẹ̀, kí ó gbẹ, ọ̀dà, kí ó gbẹ, kí o tó wá fi fóòmù ra etí.

Nípa kíká, bébà ní ọ̀nà tí fọ́nrán inú rẹ̀ dojú kọ, bí igi ṣe ní. Bí o bá ká a lọ́nà tí fọ́nrán náà gbà, yóò ká wẹ́rẹ́. Bí o bá ká a lòdì sí i, fọ́nrán yóò ṣẹ́, ojú yóò sì sán. Rọra tẹ̀ ẹ́ wò láìká a, ní òró àti ní ìbú: ìhà tí ó bá ti tètè gbà fún ọ ni ọ̀nà rẹ̀. Má ṣe ká bébà tó nípọn bẹ́ẹ̀ láìfa ìlà sí i ṣáájú. Gbé rúlà lé e, fi ohun tí ẹnu rẹ̀ kújú, irú bí egungun ìkáwèé tàbí bírò tí tàdáwà rẹ̀ ti tán, fa ìlà kan tó wọnú díẹ̀, kí o sì ká a kí ibi tó wú sókè wà ní inú káàdì.

Nípa ìwọ̀n, mú bébà A5, tó jẹ́ mìlímítà 148 sí 210. Bí o bá ká a sí méjì, yóò di A6, mìlímítà 105 sí 148, àpòòwé C6, tó jẹ́ mìlímítà 114 sí 162, yóò sì gbà á pẹ̀lú àyè díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́. Bí ọ̀nà fọ́nrán bébà òwú rẹ kò bá bá ìwọ̀n yìí mu, ohun tí èmi yóò ṣe ni kí n fi bébà tó rọ̀ jù ú lọ ṣe káàdì fúnra rẹ̀, irú èyí tó wọn gíráàmù 200 tàbí 250, kí n gé àwòrán náà kéré sí i ní mìlímítà márùn-ún ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí n sì lẹ̀ ẹ́ sí iwájú rẹ̀. Fi gọ́ọ̀mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí i, gbé ìwé wúwo lé e. Gọ́ọ̀mù olómi púpọ̀ yóò tún mú un ká kò.

Aṣẹ̀ṣẹ̀bẹ̀rẹ̀

Èyí ti ìṣòro etí mi náà tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, torí etí àwòrán yóò hàn lórí bébà tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ ṣeun, bàbá. Ìbéèrè mìíràn: mo fẹ́ kí oríkì tí ìyá àgbà máa ń fi pe ìyá mi wà lábẹ́ òdòdó lórí gbogbo káàdì, kò sì sí ẹni tí yóò ní òǹtẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́. Ṣé mo lè gbẹ́ ẹ fúnra mi?

Afọwọ́kun

Ẹ lè ṣe é. Írésà funfun ńlá tó rọ̀ ni kí ẹ lò. Ẹ fi pẹ́ńsù tó dúdú kọ oríkì náà sórí bébà fẹ́lẹ́ bí ẹ ṣe fẹ́ kí ó hàn, kí ẹ dojú rẹ̀ kọ írésà, kí ẹ fi èékánná ha ẹ̀yìn rẹ̀. Yóò fi ara rẹ̀ sílẹ̀ lórí írésà ní ìdojúdé, bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó sì yẹ kí ó rí, kí ó lè tọ́ nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Ẹ gbẹ́ gbogbo ohun tí kì í ṣe lẹ́tà kúrò. Ẹ má gbàgbé àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà. Ẹ jẹ́ kí àmì abẹ́ lẹ́tà so mọ́ lẹ́tà rẹ̀ nípa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, nítorí èyí tó bá dá dúró máa ń já. Bí lẹ́tà kan bá kéré ju mìlímítà mẹ́fà lọ, ọ̀bẹ kò ní rí inú rẹ̀ gbẹ́ dáadáa.

Ìyá Ọlọ́nà

Kí o sì fi omi díẹ̀ àti aṣọ nu írésà náà lẹ́yìn ìlò. Sípíríìtì máa ń gbẹ irú òǹtẹ̀ bẹ́ẹ̀, òun àti rọ́bà náà, títí wọn yóò fi máa sán.

Aṣẹ̀ṣẹ̀bẹ̀rẹ̀

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Káàdì mẹ́sàn-án ti parí nínú 12. Oríkì náà jáde, ó wọ́ díẹ̀ sí ọ̀tún, mo sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí ó jọ ọwọ́ ènìyàn. Ibì kan ṣoṣo ni mo ti ń kọsẹ̀: lórí mẹ́ta tó kù ni mo fẹ́ fi páúdà tí ooru ń yọ́ sí oríkì náà, ṣùgbọ́n páúdà ń lẹ̀ káàkiri ibi tí mi ò fi tàdáwà sí, bí ó bá sì yọ́ tán, gbogbo ojú káàdì a kún fún tóótòòtó kéékèèké tó ń dán.

Ìyá Ọlọ́nà

Ọwọ́ rẹ àti bébà náà ló ń fa páúdà mọ́ra, bí aṣọ onífọ́nrán ike ṣe ń lẹ̀ mọ́ ara nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Òróró ọwọ́ náà sì ń dá kún un. Kí o tó tẹ òǹtẹ̀, fi àtíkè ọmọdé tí o dì sínú aṣọ kékeré kan nu ojú bébà náà lérèfé, kí o sì fẹ́ ẹ kúrò. Lẹ́yìn tí o bá ti gbọn páúdà dànù, fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ tín-ín-rín mú gbogbo èyí tó kù níbi tí kò yẹ, kí o tó gbé ooru dé ibẹ̀. Jẹ́ kí ẹ̀rọ náà kọ́kọ́ gbóná dáadáa níbòmíràn, kí o wá gbé e wá. Bí ìlà náà bá ti dán báyìí, kúrò níbẹ̀ kíá, torí bí ooru bá pẹ́ lórí rẹ̀, yóò rì sínú bébà bí òróró.

Aṣẹ̀ṣẹ̀bẹ̀rẹ̀

Àtíkè náà ló yanjú rẹ̀, ìyá mi. Mo ti tẹ ìkẹwàá, ó mọ́ tónítóní. Méjì tó kù wà lábẹ́ ìwé wúwo, tíì etí wọn ń gbẹ lọ́wọ́.